Kò Sẹ́ni Tó Lé Nicanor Dìde

Nicanor Țurlea ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Sarea ní Vadu Sării, ìlú tí gbogbo ọkùnrin ti ń wa iyọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Ó ti kú báyìí. Bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ nílé ọtí, ọ̀rọ̀ ẹyin ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni. Bí Sarea ò bá borí lọ́jọ́ náà, wọ́n máa já sí ìsọ̀rí ìsàlẹ̀. Láàárọ̀, Nicanor ní kí àwọn agbábọ́ọ̀lù mú ẹyin pupa wá látilé, kí wọ́n máa kàn án mọ́ra wọn bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe lọ́dún Àjíǹde: ẹnì kan á ní, "Kristi jíǹde," ìkejì á ní, "Ó jíǹde lóòótọ́," orí ẹyin á pàdé orí ẹyin, ẹni tí tirẹ̀ bá fọ́ á gbé e fún ẹni tó borí kó jẹ ẹ́. Nicanor ní ẹni tí ẹyin rẹ̀ bá gbẹ̀yìn ló máa gbá pẹ́nárítì, bí a bá rí gbà.

Ẹyin Pantelimon ló gbẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni Pantelimon ń gbá, kò sì gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n rí. Igi ni ẹyin rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, ìyá rẹ̀ ló rẹ ẹ́ láró pupa. Kì í ṣe pẹ́nárítì ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ààwẹ̀ ló ti fẹ́ pa á, ẹyin ló fẹ́ jẹ.

Nígbà tí ìdíje ń parí lọ láìsí góòlù, rẹfirí fọn fèrè, ó nawọ́ sí ojú àmì pẹ́nárítì. Pantelimon sáré lọ bá Nicanor lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, igi ni ẹyin mi."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ṣé ẹyin gidi ló máa ń dún kó, kó, kó? Lọ gbá a."

"Mi ò mọ̀ ọ́n gbá, Ẹ̀gbọ́n."

"O wo ojú àwọn èèyàn rẹ, o purọ́ fún wọn, o jẹ ẹyin wọn tán, ojú rẹ ò yí. Aṣọ́lé wo ló fẹ́ wo irú ojú yẹn kó mọ ibi tó o fẹ́ gbá a sí?"

Aṣọ́lé wo ojú Pantelimon dáadáa, ó fò sí ọ̀tún. Òsì ni bọ́ọ̀lù gbà wọlé. Pantelimon náà ò mọ̀ pé òsì ló ń lọ.

Kí Nicanor tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, iwájú ló ń gbá. Atamátàsé ni wọ́n ń pè é, àmọ́ àwọn tó ń gbé nítòsí pápá mọ iye gíláàsì fèrèsé tó ti fọ́. Ohun kan ṣoṣo tí kò gbà ni kí wọ́n yọ òun kúrò nínú ìdíje. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wọn ní kí nọ́ńbà mẹ́sàn-án jáde. Nicanor bọ́ jẹ́sì rẹ̀, ó gbé e fún ẹni tó fẹ́ rọ́pò rẹ̀, ó yí padà, ó sáré wọ pápá pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Rẹfirí lé e bá.

"Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni wọ́n pè," ni Nicanor wí. "Ó ti jáde, ẹ wò ó lọ́hùn-ún. Èmi Nicanor, kò sẹ́ni tó pè mí."

Ọlọ́pàá méjì ló gbé e jáde, ọ̀kan lápá, ọ̀kan lẹ́sẹ̀. Ìlú rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú. Òun ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń sọ ọ́ pé kò tún sẹ́ni tó máa gbé òun kúrò nídìí bọ́ọ̀lù mọ́. Ọjọ́ tí òun bá máa lọ, òun á fúnra òun dìde, ẹsẹ̀ òun lòun á fi rìn. Ó sọ ọ́ fún Veturia ìyàwó rẹ̀, ó sọ ọ́ fún àlùfáà, ó sì ń sọ ọ́ fún Pantelimon láìjẹ́ pé Pantelimon bi í.

Inú àwo oúnjẹ ló ti máa ń to ẹgbẹ́ rẹ̀. Àlùbọ́sà ni aṣọ́lé, wàràkàṣì ni àwọn ẹ̀yìn, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn iwájú. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ó ń ṣàlàyé fún Veturia, ó sì ń jẹun lọ.

"O ti jẹ ẹ̀yìn ọ̀tún," ni Veturia wí.

Nicanor wo àwo náà títí. Ó ní, "Wọ́n ṣì dúró dáadáa."

Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn lápá ọ̀tún Sarea. Apá òsì ni ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ lọ kún. Ọmọkùnrin tó ń gbá apá ibẹ̀ fún àwọn àlejò wò yíká, kò rẹ́ni tó ń lé e, ó rò pé òun ti wà ní ọ́fúsáìdì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù padà sẹ́yìn. Sarea borí. Ìwé ìròyìn kan ní Bucharest kọ ọ́ pé báyìí ni wọ́n á ṣe máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ iwájú. Veturia gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná.

"Ká ní ebi pa ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni," ó wí, "ẹ ò bá ti gba ife ẹ̀yẹ."

Nígbà tí orúnkún Pantelimon bàjẹ́, Nicanor fi í ṣe igbákejì, ó mú un jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Kò pẹ́ sígbà náà ni Nicanor bẹ̀rẹ̀ àrà tuntun: ó kẹ̀yìn sí pápá. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, òun ń kọjú sí ògiri. Ó ní ojú máa ń tan èèyàn jẹ, etí kì í tan ni. A ó kàn rí i, yóò gbórí sókè, yóò ní, "Òsì ti ṣí sílẹ̀," òsì á sì ti ṣí sílẹ̀ lóòótọ́. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ìlú mìíràn gbọ́, àwọn náà kẹ̀yìn sí pápá. Wọ́n gbá ẹgbẹ́ ọ̀kan nínú wọn ní àgbátúká, òun alára ò sì mọ̀ títí ó fi délé.

Pantelimon nìkan ló mọ̀ pé ojú Nicanor ti ń lọ. Ó ti rí i tó ń da ọtí sí ẹ̀gbẹ́ ife, tó ní ife náà ń jò. Ó ti rí i ní ọ́fíìsì tó kí kótù Olùdarí Eftimie, ọ̀gá ilé iṣẹ́ iyọ̀, tó wà lára ìṣó, tó bi í léèrè àlàáfíà ìyàwó, tó bẹ̀ ẹ́ kó bá wọn tún òrùlé ṣe. Nígbà tí wọ́n jáde, Nicanor ní Olùdarí ò fetí sí òun bẹ́ẹ̀ rí.

Pantelimon ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nicanor náà ò bi í ní nǹkan kan. Ohun tó ń ya Pantelimon lẹ́nu ni bí ọkùnrin tí kò rí kótù ṣe ń mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà.

Nígbà tó yá, àwọn mìíràn náà fura, ọ̀rọ̀ sì dé etí Olùdarí. Ilé iṣẹ́ iyọ̀ tó ń darí ló ni ẹgbẹ́. Ó ti rí akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun kan tó ní ìwé ẹ̀rí. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Nicanor wà láàárín òun àti Pantelimon. Gbogbo ìlú rí i, gbogbo ìlú sì mọ ìdí tó fi wá.

Nicanor gbórí sókè. Ó ní, "Òsì ti ṣí sílẹ̀." Òsì ò ṣí. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ràn, wọ́n gba òsì, àwọn àlejò gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wọn, ó di góòlù.

"Ọ̀gá Nicanor," ni Olùdarí wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, "ta ló gbá èyí wọlé?"

Pantelimon ni Nicanor yíjú sí.

"Kí ló dé tó ò mí?"

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Látìgbà tí ọkùnrin yìí ti jókòó, o ò mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà?"

Pantelimon wá mí.

"Bí òsì bá fẹ́ ṣí, o máa ń fa èémí sínú kó tó ṣí. Bó bá jẹ́ ọ̀tún, wàá mí sóde bí ẹni tó jẹ ata. O rò pé bọ́ọ̀lù ni mo ń gbọ́ látọjọ́ yìí? Ìwọ ni."

Ọ̀rọ̀ tí Olùdarí gbé wá ti dé ètè rẹ̀, ó sì ti ń dìde láti sọ ọ́. Nicanor fọwọ́ wá orúnkún rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e.

"Ẹ jókòó, Olùdarí. Èmi ló ń dìde. Ẹ má wulẹ̀ wá ẹlòmíràn. Ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ yín nìyí, ó ti ń darí wọn tipẹ́, òun nìkan ni kò mọ̀."

Olùdarí wo Pantelimon.

"Ṣé òun náà á máa kẹ̀yìn sí pápá?"

"Rárá. Ojú tiẹ̀ dáa."

Olùdarí jókòó.

Nicanor de bọ́tìnnì kótù rẹ̀, ó dè é wọ́. Pantelimon dìde láti di apá rẹ̀ mú.

"Jókòó," ni Nicanor wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n á ní wọ́n gbé mi jáde."

Pantelimon jókòó. Omi ti kún ojú rẹ̀, kò sì lè nù ún, nítorí pápá ló gbọ́dọ̀ máa wò.

Nicanor gbé ọwọ́ lé irin ọgbà, ó ń tọ̀ ọ́ lọ lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn òǹwòran rò pé àrà tuntun nìyẹn, wọ́n dákẹ́ kí wọ́n lè rí ohun tó máa bí. Àwọn àlejò pàápàá dá bọ́ọ̀lù dúró, wọ́n ń wò ó. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ẹnu géètì, àgbàlagbà kan ṣí fìlà. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣí tiẹ̀. Nicanor fọwọ́ wá géètì títí ó fi rí i, ó tì í ṣí, ó sì jáde.