Ọjọ́ Tí Kúùbù Ńlá Fọ́n Ká Mọ́ Ikrimah Lọ́wọ́

Aṣọ ni Ummu-Salamah ń rán ní Ìlọrà, àmọ́ kúùbù ni àdúgbò fi mọ̀ ọ́n, ohun ìṣeré ike tí wọ́n ń yí títí ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò fi di àwọ̀ kan ṣoṣo. Kékeré ló ti ń yí tẹ́lẹ̀, kí Bushrah àbúrò rẹ̀ tó ra ńlá kan bọ̀ láti Ìbàdàn, tó tóbi tó orí ọmọ tuntun.

Ikrimah ọkọ rẹ̀, tó ń wa mọ́tò akérò lọ sí Ọ̀yọ́, a máa bi í pé, "Ìyá Rahmatullah, èmi àti ike yìí, ta ni ọkọ rẹ gan-an?"

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó kù díẹ̀ kí Ummu-Salamah parí ńlá náà. Ó pe ọkọ rẹ̀ wá wò ó. Ikrimah gbà á, ó sì fipá yí i bí ẹni ń tú táyà. Pàù! Gbogbo rẹ̀ fọ́n ká ilẹ̀, àwọn ègé kan yí wọ abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ummu-Salamah la ẹnu sílẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹnu tún yà á: ó ti rò pé àpótí kéékèèké ló kún inú rẹ̀, àṣé ìkọ́ tín-ínrín tí wọ́n kọ́ mọ́ra wọn ni!

"Bàbá Rahmatullah, ẹ wò ó! Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀!"

Ikrimah ti wà lórí eékún, ó ń fi ọwọ́ kó àwọn ègé náà jọ. Àwọn èrò tó ń dúró dè é níta kígbe pé, "Dẹ́rẹ́bà, a ò lọ mọ́ ni?"

"Ẹ má bínú o, ẹ wọ mọ́tò mìíràn!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ya Ummu-Salamah lẹ́nu ju fífọ́nká kúùbù lọ. Ọjọ́ ọjà lọjọ́ yẹn! Wọ́n jọ jókòó, ọkọ di àárín rẹ̀ mú, ìyàwó ń kọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ sí ojú àwọ̀, títí ó fi pé.

Ikrimah mí kanlẹ̀. Ni ìyàwó rẹ̀ bá gbé kúùbù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á rú.

"Háà! Kí lo ń ṣe yẹn?"

"Títò la tò ó, Bàbá Rahmatullah. Mi ò tíì yanjú ẹ̀."

Ikrimah di orí mú, ó ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Kí Iléyá tó dé, Ummu-Salamah ti yanjú rẹ̀.