Àpèkọ Ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi

Géèmù yẹn dùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo kórìíra rẹ̀, nítorí èébú tí mo fẹ́ bú u kì í ṣe kékeré.

Tọkọtaya òyìnbó kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ míṣọ́nnì ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló fún wa. Ìyáà mi ló ń rán aṣọ fún wọn. Ó ku bí ọdún méjì ká wọ 1990 nígbà tí wọ́n padà sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì kó àwọn ẹrù tí wọn ò lè gbé lọ fún ìyáà mi: tẹlifíṣọ̀n kékeré kan, àpótí géèmù, pádì kan ṣoṣo tí a fi ń tẹ̀ ẹ́, àti transifọ́mà tó wúwo bí ọmọ ọlọ. Ìyáà mi ò mọ ohun tí wọ́n máa fi wọ́n ṣe. Èmi ni mo gbé gbogbo rẹ̀ sí pálọ̀, síwájú àga Bàámi.

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Bàámi. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní a, bí, dí. Ọdún tí wọ́n fẹ̀yìn tì gan-an ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún ò gbé mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ẹnu wọn sì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ tó ń jáde níbẹ̀ ò já gaara, ojú sì ń tì wọ́n. Ọkùnrin tí a máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú títì bó bá wà nínú kíláàsì wá di ẹni tó ń fi orí dáhùn. Dókítà ò fi bò fún wa. Ó ní, "Ẹ máa mú wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n dákẹ́, ohùn yẹn lè lọ pátápátá." Ohun tí a ń wá kiri nílé wa nìyẹn, ọ̀rọ̀ lẹ́nu Bàámi. Àlejò wá, wọ́n mi orí. Pásítọ̀ wá, wọ́n mi orí. Géèmù yẹn nìkan ló mú wọn lahùn.

Ìdí ni pé kì í kánjú. Kì í ṣe irú èyí tí nǹkan á máa já bọ́ látòkè tí o gbọ́dọ̀ tètè fò. Akọni mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń rìn la ilẹ̀ kan kọjá lọ bá ọba burúkú kan jà nínú ilé olódi rẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé ọ̀tá, ọ̀tá á dúró. Ìwọ ṣe tìrẹ, kí òun tó ṣe tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni Bàámi fi wá ọ̀rọ̀ kan rí, ọ̀pọ̀lọ́ tó wà níwájú wọn á kàn jókòó jẹ́ẹ́, á máa wò wọ́n. Kò sẹ́ni tó ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ nílé wa, pàápàá èmi. Èmi ni mo ń di pádì mú, Bàámi ń pàṣẹ. "Lù ú." "Sá." "Fún un léwé." Lóṣù àkọ́kọ́, "ù ú" ni mò ń gbọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ẹni tó ń kọjá níta lè gbọ́ ọ kedere.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ ni mo wà nígbà náà. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń wọkọ̀ lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì ń padà lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Torí géèmù ni, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ìwà kan tó lè sọ èèyàn di wèrè. Lẹ́tà mẹ́rin péré ló ń gbà fún orúkọ. Bàámi ní kí akọni tó wà níwájú máa jẹ́ Akíkanjú, ó di AKIK. Wọ́n ní kí ìkejì máa jẹ́ Ọdẹ. Ó gba ìyẹn, àmọ́ kò ní àmì ohùn, kò sì ní àmì kankan tó lè fi sábẹ́ lẹ́tà. ODE ló kọ. Bàámi tẹjú mọ́ ọn títí. Wọ́n wá ní, "Ọdẹ ni, àbí ọ̀dẹ̀?" Ó lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu, àmọ́ gbólóhùn odidi àkọ́kọ́ láti ìgbà tí àìsàn ti dé nìyẹn. Mo sáré lọ sí ilé ìdáná lọ sọ fún ìyáà mi, wọ́n sì ní kí n lọ dá wọn lóhùn, kí àwọn náà lè gbọ́ ohun tí Bàámi máa tún sọ.

Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ò ní pé tán kí ọ̀tá míì tó yọ. Bí o bá ní kí ẹni méjì lu ọ̀tá kan, tí ẹni àkọ́kọ́ sì ti pa á, ẹnì kejì á ṣì fi idà rẹ̀ lu afẹ́fẹ́, nígbà tí ọ̀tá míì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Ewé ìwòsàn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà á, lẹ́yìn ẹyọ kọ̀ọ̀kan ọlọ́jà á tún bi ọ́ lédè òyìnbó bóyá o ṣì fẹ́ nǹkan míì. Ogún ewé, ogún ìbéèrè. Ẹni tó ń ta àlùbọ́sà ní Sábó á ti kó tiẹ̀ sápò fún ọ, wàá ti délé. Mo máa ń bú u, Bàámi á máa fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín mi.

Èyí tó wá burú jù ni pé kò lè rántí ohunkóhun. Bí a bá fẹ́ pa á, àfi ká lọ bá àlùfáà kan nínú géèmù náà. Àlùfáà á kọ lẹ́tà òyìnbó gbọọrọ sójú tẹlifíṣọ̀n, bí ogójì, tí kò nítumọ̀ kankan. A ó dà á kọ sínú ìwé. Lọ́jọ́ tí a bá padà dé, a ó tẹ àwọn lẹ́tà náà wọlé, á sì mú wa dé ibi tí a ti dúró. Bí ẹyọ kan bá ṣì, kò níí gbà á. Bí mo bá sì ti kọ tuntun tán, màá fa ti tẹ́lẹ̀ ya, kó má baà dà wá lójú rú. Ọgbọ́n orí mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, a dé ẹnu ọ̀nà ilé ọba burúkú náà. Ó ti pẹ́, mo sì fẹ́ bá ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ní gáréèjì Takie. Mo wà nínú yàrá, mò ń kó aṣọ sínú báàgì, ni mo gbọ́ ohùn Bàámi láti pálọ̀. "Mú bírò. Màá pè é. Àpèkọ."

Mo gbé ìwé lé orí báàgì, mo ní, "Ẹ máa pè é, sà."

Wọ́n pè é. Ohùn kíláàsì ni, ohùn tí a rò pé ó ti lọ. Lẹ́tà kan, wọ́n dúró, lẹ́tà míì, bí wọ́n ṣe ń pe àpèkọ fún odidi ọgbọ̀n ọdún. Ìyáà mi fi iṣẹ́ ìránṣọ sílẹ̀, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń nu ojú. Nígbà tí wọ́n pè é tán, Bàámi ní, "Ó parí." Mi ò kà á padà sí wọn létí. Mo pa géèmù, mo dọ̀bálẹ̀, mo sáré lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mo tẹ̀ ẹ́ wọlé. Géèmù ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, inú ń bí mi. Oṣù mẹ́rin ló ń lọ yẹn. Mo yíjú sí Bàámi, mo sì sọ ohun tí mo máa fi gbogbo ayé mi kábàámọ̀. Mo ní, "Bàámi, ṣé ó dá yín lójú pé ẹ pè é dáadáa?"

Wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fi ọwọ́ òsì kan ètè wọn. Wọ́n ní, "Ẹnu mi ni."

Ní Ọ̀yọ́, lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé tí kọ́lẹ́ẹ̀jì pín mi sí fún ìdánrawò. Mo ní kí wọ́n kọ bed. Mo pe lẹ́tà rẹ̀ fún wọn lẹ́yọ lẹ́yọ: bí, í, dí. Mo yí ká, mò ń yẹ ìwé wò. Bid. Bid. Ìlàjì kíláàsì ló kọ bid. Mo kanrí mọ́ ọmọbìnrin kan, mo bi í pé ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ pe i, sà."

Iṣẹ́ Yorùbá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán kí n tó wọlé. Nínú ábídí, i ni à ń pè ní í. Òyìnbó ló ń pe E bẹ́ẹ̀.

 Mo jókòó sórí tábìlì tíṣà. Bàámi pe kọ́ńsónáǹtì bí òyìnbó ṣe ń pè é, àmọ́ nígbà tí wọ́n bá dé orí fáwẹ̀lì, ẹnu wọn ń padà sí èyí tó ti mọ́ ọn lára láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n pe i, mo kọ E. Wọ́n pe e, mo kọ A. Ẹnu wọn ò ṣi ẹyọ kan. Èmi tí etí mi le ni mo ṣì í kọ, tí mo tún wá di ẹ̀bi rù wọ́n.

Mi ò dúró de ọjọ́ Ẹtì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, mo ti sọ̀ ní Takie, mo sì fẹsẹ̀ sáré délé. Ìyáà mi gbé ojú sókè níbi tí wọ́n ti ń ránṣọ. Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ Ẹtì, bàbá rẹ ò tíì lahùn o."

Mo sọ gbogbo E inú ìwé di I, mo sọ gbogbo A di E, mo tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ó ṣí. Àwọn akọni mẹ́rin dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé olódi níbi tí a fi wọ́n sí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàámi, ẹnu yín kọ́. Etí mi ni. Bẹ́ ẹ ṣe pè é gẹ́lẹ́ ló rí. Ẹ wò ó."

Wọ́n wò ó. Wọ́n mi orí pé àwọn ti gbọ́. Wọ́n wá na ọwọ́ òsì, wọ́n gba pádì lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e lé itan.

Mo ní, "Ẹ máa pàṣẹ, ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ̀ ẹ́." Wọ́n mi orí pé rárá. Ìka kan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn. Kò sì sóhun tó ń lé wọn, géèmù náà ń dúró dè wọ́n bó ṣe máa ń ṣe. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mò ń bẹ géèmù nínú mi pé kó kánjú, kó yára mú wọn lójijì, bóyá wọ́n á pariwo. Kò kánjú. Ọba burúkú kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Orin dún, orúkọ àwọn òyìnbó tó ṣe géèmù ń gòkè lọ lójú tẹlifíṣọ̀n.

Bàámi fi pádì lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì fọwọ́ pa mí lórí. Wọ́n ti dárí jì mí, mo mọ̀. Kì í ṣe ìdáríjì ni mo wá gbà láti Ọ̀yọ́. Ó lé lọ́dún méjì tí wọ́n tún lò láyé lẹ́yìn ìgbà náà, kò sì sẹ́ni tó tún gbọ́ ohùn wọn nílé wa.