Ọwọ́ Tó Kúrò Lẹ́yìn Mi

Òórùn àbẹ́là àti ti igi àtijọ́ tí òjò ti rẹ ló máa ń pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn wa ní Àjàṣẹ́. Ibẹ̀ ni èmi àti àbúrò mi obìnrin ti ń jókòó pọ̀ láti kékeré. Àìsàn kan ti di etí rẹ̀ pa kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi lẹ́yìn, á dijú, á sì máa mi orí bí orin náà ṣe ń dún nínú egungun mi. Ohùn mi kò dára tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n nítorí ọwọ́ yẹn, mo máa ń kọrin bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Faransé mú aṣọ aláìlápá kan wá. Jilé ni wọ́n ń pè é. Bí ohùn bá dún, jilé náà á máa gbọ̀n lára ẹni tó wọ̀ ọ́, níkùn fún ohùn ńlá, léjìká fún ohùn tín-ín-rín.

"Tọ́ntọ́n, ẹ sinmi díẹ̀ wàyí," lọmọ náà wí fún mi, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá ní Faransé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àbúrò mi fi mí sílẹ̀, ó lọ jókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn akọrin. Ọkùnrin tó wà nítòsí mi tẹ̀ sí mi létí: "Bàbá, aṣọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín o." Mo rẹ́rìn-ín. Èmi àgbàlagbà, mo ń jowú aṣọ.

Nígbà tí Ìsinmi kejì ku ọ̀la, mo mú wáyà tí wọ́n fi ń fún jilé náà níná, mo fi í pamọ́ sábẹ́ àpò gàrí. Iná jilé kú. Àbúrò mi padà sọ́dọ̀ mi, ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn. Mo kọrin débi pé àwọn ènìyàn ń bojú wẹ̀yìn. Àmọ́ ọwọ́ náà kò dúró sójú kan. Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sísàlẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ tọ́ mi, ó sì fi ìka sọ̀rọ̀ bí a ti máa ń ṣe nílé: Ìwọ nìkan nìyí. Àwọn yòókù dà?

Mi ò lè parí ẹsẹ orin náà. Láti kékeré wá, ohùn kan ṣoṣo ni mo ń fún un, mo sì ń pè é ní orin. Bí a ti délé, mo lọ fa wáyà yọ, mo gbé e lé àbúrò mi lọ́wọ́. Ó gbọn gàrí ara wáyà náà dànù, ó sì wò mí títí.

Owú náà kò tíì tán nínú mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà lásán ni mo jẹ́ fún un, èmi ló ń ro ara mi sí odindi ilé.