Sùtáná Màmá Mi Ló Parí Àríyànjiyàn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rọ kan tó ń yí ayé po lókè rí Okokomaiko lónìí ju èmi tí mò ń gbé ibẹ̀ lọ!

Rásákì ọ̀rẹ́ mi, tó ń kọ́ nípa ojú ọjọ́ ní yunifásítì, mú ìwé méjì wá láàárọ̀. Ọ̀kan ni àwòrán tí sátẹ́láìtì yà: eruku ọyẹ́ àti èéfín ìlú bo gbogbo Ọ̀jọ́ dé Ìbà. Èkejì ni ìṣirò kọ̀ǹpútà, ó ní afẹ́fẹ́ wa mọ́.

Mo wòkè. Oòrùn ń ràn sórí sùtáná, aṣọ funfun tí màmá mi ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tí mo sì sá sórí okùn.

"Kọ̀ǹpútà ló sọ òótọ́," mo wí fún Rásákì.

"Ṣẹ́gun, ká sùtáná Màmá wọlé. Ó ṣì tutù, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn."

"Mi ò ká a!"

Ẹyọ kan ṣoṣo náà ni màmá mi ní, òun ni wọ́n sì fẹ́ wọ̀ lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, aṣọ funfun ti pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀, èérí dúdú sì wà létí rẹ̀. Rásákì fò sókè. "Má fọ̀ ọ́ o! Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó dáadáa!"

Mo ṣàlàyé fún màmá mi. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn ń wo àwòrán náà, wọ́n wá ní, "Ṣebí mo ti ń sọ fún ẹ pé ojú kan ń wò wá látòkè?"

Mo gbé sùtáná náà lọ sídìí omi.

Mo ti tún un fọ̀, mo ń fi áyọ́ọ̀nù mú un gbẹ ní yàrá báyìí.

Ẹ̀yin ńkọ́, ojú yín lẹ bá gbà gbọ́, àbí àwòrán yẹn? Ẹ má purọ́ o.