Mọ́tò tó ń Yáná ní Ìbà

Kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, Bàbá Dámilárá á ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Á wọlé, á yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ ariwo ká-ká-ká-ká, baba náà á sì máa fẹsẹ̀ tẹ iná, á tẹ̀ ẹ́, á jù ú sílẹ̀, fún odidi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó ní òun ń jẹ́ kó yáná. Ní Ìbà o! Níbi tí ooru kì í jẹ́ kéèyàn da aṣọ bora, mọ́tò ń yáná.

Ojú fèrèsé Àríkẹ́, tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà kan náà, ni sàlẹ́ńsà mọ́tò náà kọ sí. Inú yàrá yẹn ni ìyá rẹ̀ ń sùn, ìyá arúgbó tí ikọ́ fée ti ń bá jà láti ìgbà tó ń fi igi dáná ní abúlé wọn lẹ́bàá Ìlaròó. Bí èéfín bá ti wọlé báyìí, màmá á dìde jókòó, á di etí bẹ́ẹ̀dì mú, èémí á máa há a láyà. Dókítà ti sọ ọ́ láìfi bò: oògùn tí wọ́n ń fà sẹ́nu kò lè bá èéfín ojoojúmọ́ dù ú. Bí èéfín ò bá dín, kí wọ́n gbé màmá kúrò níbẹ̀. Kí wọ́n gbé e lọ síbo? Abúlé tí kò ku ọmọ kan ṣoṣo tó máa bu omi fún un? Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí Àríkẹ́ gbádùn oúnjẹ.

Ohun tó wá ń bí i nínú jù ni pé ó mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò náà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń tà ní Òkòkòmàíkò láti bí ọdún mẹ́tàlélógún. Ó mọ èyí tó ki, ó mọ èyí tó ṣàn, ó sì mọ àwọn òmùgọ̀ tó gbà pé èyí tó bá ki jù ló dáa jù. Wọ́n á dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ti ìka bọ inú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á fi àtàǹpàkò pa á, wọ́n á wá mi orí bí ọ̀jọ̀gbọ́n: "Èyí ki dáadáa!" Àfi bíi pé ẹ̀kọ tí wọ́n fẹ́ fi àkàrà mu ni. Wọn ò rò ó pé ohun tó bá ki kì í tètè ṣàn. Bí mọ́tò bá ti sùn mọ́jú, ọ́ìlì inú rẹ̀ á ti sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, èyí tó ki á máa wọ́ lọ sókè bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́, àwọn irin orí ẹ́ńjìnnì á sì máa lu ara wọn ní gbígbẹ títí tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ariwo yẹn ni baba olóye yìí ń dúró dè kó lọ, láràárọ̀.

Àríkẹ́ kúnlẹ̀, ó sọ fún un. "Bàbá Dámilárá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ́ìlì yín ló ki jù. Ìwé tó bá mọ́tò yín wá sọ irú èyí tó yẹ kó máa mu."

"Ìyá Tọ́lá," ni baba náà dá a lóhùn, nítorí bí gbogbo ilé ṣe ń pe Àríkẹ́ nìyẹn, "bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mẹkáníìkì mi ló ní kí n máa lo èyí tó ki, kí ẹ́ńjìn má bàa knock. Ìwọ tó ò ní kẹ̀kẹ́ ológeere, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní mọ́tò?"

Àríkẹ́ dìde, ó wá mẹkáníìkì náà lọ. Jídé lorúkọ rẹ̀, kò sì jìnnà. Ìgbà tó bi í níbi tó ti ń ra ọ́ìlì tó ki yẹn, Jídé wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ dà rú.

"Ah-ah, mummy! Ọ̀dọ̀ yín kẹ̀. Èyí tí mo máa ń rà ní month-end."

Àríkẹ́ ka oṣù sẹ́yìn lórí ìka. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì náà fún un. Òun ló ń ta èéfín tó ń há ìyá rẹ̀ láyà. Ó tijú débi pé kò lè bínú sí Jídé mọ́. Ó gbé ọ́ìlì tó ṣàn, èyí tó bá mọ́tò náà mu gan-an, ó fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní bí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́, òun ni kí wọ́n mú. Jídé lọ bá baba sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí obìnrin kúnlẹ̀ sọ tí kò wọlé, ọkùnrin nàró sọ ọ́, ó wọlé wẹ́rẹ́; ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Jídé pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àríkẹ́ dúró sójú fèrèsé. Baba yí kọ́kọ́rọ́. Ká-ká, ó tán. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́, ó ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Inú Àríkẹ́ dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Ó wá ń retí kí mọ́tò lọ.

Mọ́tò ò lọ. Baba tẹ iná, ó jù ú sílẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó jù ú sílẹ̀. Èéfín rọ́ wọlé, màmá dìde jókòó, ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Àríkẹ́ sáré jáde, ó ń so ìró rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

"Sà, ariwo ti lọ! Ẹ lè máa lọ báyìí!"

Baba wo ilẹ̀kùn àwọn ayálégbé lọ́tùn-ún lósì. Kò sí èyí tó ṣí nínú wọn.

"Ìyá Tọ́lá, ọ́ìlì rẹ dáa, mi ò jiyàn. Àmọ́ ó ti jẹ́ kó dákẹ́ jù. Tí mo bá kàn wọlé tí mo lọ báyẹn, ta ló máa mọ̀ pé mo jáde?"

Áà! Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Baba ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ láti ọdún mẹ́fà. Ìwé ìròyìn lásán ló ń lọ rà, aago méje ààbọ̀ á sì ti bá a nílé. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló ń yáná, òkìkí ni. Àríkẹ́ fẹ́ bú u, ó bú u nínú ikùn, ó bú u dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń wúkọ́ nínú yàrá.

Lọ́jọ́ kejì, kí baba tó rí ẹsẹ̀ gbé sórí iná, Àríkẹ́ ti kúnlẹ̀ ságbàlá, ó figbe ta:

"Bàbá Dámilárá ti ń jáde o! Ẹ kú ìmúra, sà! Á gbé yín lọ, á gbé yín bọ̀ o!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Òmíràn ṣí. "Ẹ káàárọ̀, sà! Ẹ ti ń lọ!" Ọrùn baba gùn sí i. Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó juwọ́ bí ọba, ó lọ. Ìṣẹ́jú kan kò pé.

Láti ọjọ́ náà ni Àríkẹ́ ti ń ṣe é láràárọ̀. Kì í wo ojú ẹni tó ń kí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó kórìíra rẹ̀, ẹnu rẹ̀ a sì máa korò lẹ́yìn ìkíni náà títí tó fi máa dé ṣọ́ọ̀bù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ pè é látorí bẹ́ẹ̀dì.

"Àríkẹ́, ta lò ń kí tayọ̀tayọ̀ báyìí lójoojúmọ́?"

"Ọlọ́mọ́tò yẹn ni, Màámi."

"Ṣé o ti wá ń fẹ́ràn ẹ̀ ni?"

Àríkẹ́ gbọn eruku tó wà lórúnkún ìró rẹ̀ nù.

"Ẹ má dààmú, Màámi. Ẹ ṣáà máa mí."