Orúkọ Tí Ẹnu Mi Kò Lè Pè

Ọmọ mi ti lé ní ọdún méjì, kò tíì rìn. Ìdí ló fi ń wọ́ kiri inú ilé wa ní Tukur-Tukur nílẹ̀ Hausa, ṣòkòtò rẹ̀ kì í pẹ́ já. Àwọn ará àdúgbò ní kí n máa bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ yanrìn. Mo bò ó, kò sí àyípadà. Nígbà tó yá, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún wa pé ọsibítù kan wà lọ́nà Samaru tí wọ́n ti ń na ẹsẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí iṣan rẹ̀ lè rọ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ ìyá bí yóò ṣe máa ṣe é nílé. Ó ní ká tètè lọ, torí bó bá pẹ́, iṣan á le. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Bí mo bá ń ro tùwó lọ́wọ́, màá fi í sílẹ̀ lórí iná, màá lọ tẹ itan ọmọ wò.

Èmi àti ìyá ọkọ mi la jọ gbé e lọ. Níbi tí a ti ń retí kí wọ́n pè wá, mo ń dìde, mo ń jókòó.

"Ìyàwó, fìdí mọ́lẹ̀. Àbí èèrà wà lórí bẹ́ǹṣì ni?" ni ìyá ọkọ mi wí.

Ọ̀dọ́bìnrin ni nọ́ọ̀sì tó gbà wá, Hausa ló ń bá wa sọ. Kó tó fọwọ́ kan ọmọ, ó ní ẹ̀tọ́ wa ni kí wọ́n ṣàlàyé ohun gbogbo fún wa ní èdè tó yé wa. Pé wọn kò ní ṣe ohunkóhun fún ọmọ láìgba ìyọ̀nda wa. Pé tí a bá mọ nǹkan nípa ọmọ, ká sọ ọ́. Mo ń mi orí. Lọ́kàn mi, ìyá ọkọ mi ló ń bá sọ̀rọ̀. Nílé wa, ta ní ń bi ìyàwó bóyá ó gbà?

Ó wo orúkọ ọmọ lórí káàdì, ó lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó pè é. Ọmọ ń fi ìdérí ìgò ṣeré. Ó tún pè é, ó pariwo. Ọmọ kò wẹ̀yìn.

"Ó jọ pé kì í gbọ́ràn. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí Kàdúná kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ti ẹsẹ̀ á dúró ná."

Orúkọ bàbá ọkọ mi tó ti kú ni ọmọ náà ń jẹ́. Èmi ìyàwó ilé kò gbọdọ̀ pè é. Ìyá ọkọ mi kò jẹ́ pe orúkọ ọkọ wọn. Ọkọ mi kò lè la orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́ ọmọ lórí. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, bóyá la rí ẹni tó fi pè é nínú ilé.

Ìyá ọkọ mi ń kùn sí mi létí: "Kí ló dé tó ń ké orúkọ olóògbé kiri lójúmọmọ?"

Nọ́ọ̀sì ti mú bírò.

"Kò mọ orúkọ yẹn," mo wí.

"Ọmọ ọdún méjì kò mọ orúkọ ara rẹ̀? Kí lẹ wá ń pè é?"

Ojú ń tì mí. Mo rọra ní, "Bàbá."

Ọmọ yí padà wìì, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

Ìyá àgbà Hausa kan tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń na ẹsẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Kai! Ní àṣà tiwa, èmi gan-an kì í pe orúkọ àkọ́bí mi. Ìwọ nọ́ọ̀sì, o ò bi wọ́n ohun tí wọ́n ń pè é nílé?"

"Ẹ bá mi bi í," ni ìyá ọkọ mi wí.

Ọ̀gá náà kọjú sí mi. Wọ́n ní yóò dun ọmọ, yóò sunkún, ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí wọ́n dúró, wọ́n á dúró. Ṣé ká bẹ̀rẹ̀?

Mo wo ìyá ọkọ mi.

"Ìwọ ni wọ́n ń bi. Ṣé èmi ni mo bí i ni?"

"Mo gbà."

"Sọ ọ́ sókè."

"Mo gbà!"

Wọ́n tẹ́ ọmọ sórí ẹní, wọ́n fi ọwọ́ mi lé orúnkún rẹ̀. Bí wọ́n ṣe na ẹsẹ̀ náà ló figbe ta.

"Ṣé kí n dúró?" ni ọ̀gá bi mí.

Ó ń ṣe mí bíi kí n ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n gbé e, kí n sá. Mo tẹ orúnkún náà mọ́lẹ̀.

"Ẹ máa ṣe é lọ."