Tírà Ọrùn Ràzíátù

Bí o bá ní abọ́ tánganran tó ti hó lábẹ́, tí o fẹ́ fi lu ẹnìkan ní jìbìtì, jọ̀ọ́, má gbé e dé ọ̀dọ̀ Sàbírátù o. Á yí i sọ́tùn-ún, á yí i sósì, á fi èékánná kàn án kó lè gbọ́ ohùn ẹ̀, á gbé e sí oòrùn, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ á tún bi ọ́ pé kí ló dé tó o fi ń tà á. Kùmásí ni wọ́n bí i sí, ní agbolé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, níbi tí bàbá ẹ̀ ti tajà títí ó fi darúgbó. Abọ́ tánganran lòun náà ń tà ní ọjà Kejetia. Àwọn oníbàárà ẹ̀ tó jẹ́ Àṣáńtì máa ń pè é ní Maame Hwɛ-yie, ìyẹn Ìyá Wò-ó-dáadáa. Inú kì í bí i. Ó ní ìfura loògùn àgbà.

Ẹni tó wá fẹ́ nìyí, ẹ gbà mí! Múdàṣírù ọkọ ẹ̀ ò gbẹ́kẹ̀ lé òjìji ara ẹ̀. Òkúta dáyámọ́ńdì ni iṣẹ́ tiẹ̀. Á wọ ọkọ̀ lọ sí Akwatia, á ra òkúta wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń wà á, á sì wá tà á fún àwọn tó jù ú lọ. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, á tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, á da òkúta lé e, òun àti Sàbírátù á jọ máa ṣà á: èyí mọ́, èyí pọ́n díẹ̀, èyí ní àbàwọ́n. Ojú obìnrin náà mú, kì í ṣìnà. Àfi bí ọkùnrin yìí ṣe ká aṣọ funfun nílẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó ní ẹnu obìnrin ò ní ìlẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, Sàbírátù ò fojú kan òkúta kankan mọ́ nínú ilé.

Ìtàn nìkan ló kù tí Múdàṣírù ń kó wálé. Lọ́dún tí wọ́n dé ọbabìnrin ládé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ọkọ̀ sinimá ìjọba wá fi í han gbogbo Zongo, òyìnbó kan tó máa ń ra òkúta sọ ọ̀rọ̀ kan fún un, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò sì kúrò lẹ́nu ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní òkúta kan wà tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, tó tó ìkúùkù ọmọkùnrin, tí wọn ò rí irú ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í ránṣẹ́ sílùú òyìnbó, wọ́n gbé ayédèrú sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ní kí ọlọ́pàá máa ṣọ́ ọ. Ojúlówó ńkọ́? Inú páálí ni wọ́n dì í sí, wọ́n fi í sílé ìfìwéránṣẹ́ bí ẹni ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀. Èyí tó tóbi jù nínú ohun tí wọ́n gé lára ẹ̀ ló wà lórí ọ̀pá àṣẹ tí ọbabìnrin mú lọ́wọ́ yẹn. Bí Múdàṣírù ṣe ń sọ ọ́, ẹ ó rò pé òun ló pín lẹ́tà ọ̀hún.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní láyé, Ràzíátù, ọmọ ọdún mẹ́ta. Méjì ti kú ṣáájú ẹ̀. Àwọn méjì yẹn ni ò jẹ́ kí Sàbírátù lè sùn fọnfọn, bí ọmọ bá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, òun á ti jókòó. Múdàṣírù ní tiẹ̀ kì í gbé ọmọ. Bí Ràzíátù bá rìn dé ẹsẹ̀ ẹ̀, á ní kí wọ́n wá gbé e kúrò kó má ba aṣọ òun jẹ́.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kejì ìdádé yẹn ni Múdàṣírù ti Akwatia dé tòun ti tírà. Tírà kékeré ni, awọ pupa ni wọ́n fi rán an, ó sì nípọn díẹ̀. Ó so ó mọ́ Ràzíátù lọ́rùn. Ó ní àlùfáà kan ló fún òun kí ọmọ má baà bá àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ. Ìyá tó ti sin ọmọ méjì, kí ló fẹ́ wí sí ìyẹn? Sàbírátù kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Múdàṣírù ra àpótí irin kan, ó fi àgádágodo méjì tì í, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ẹ̀.

Ìgbà náà ni ìfẹ́ ọmọ dé. Kò tíì bọ́ bàtà tán nírọ̀lẹ́ tí á ti máa ké pe Ràzíátù. Á gbé e lé ẹsẹ̀, á fọwọ́ pa á lọ́rùn, á rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀, kó tó jáde, á tún pè é. Efua, ọmọ onílé tí wọ́n jọ ń lo àgbàlá, pàtẹ́wọ́. "Sàbírá, wo kunu dɔ ne ba paa!" Ó ní ọkọ ẹ̀ mà fẹ́ràn ọmọ ẹ̀ gan-an o, pé bóyá kó bá òun bẹ̀ ẹ́ kó wá kọ́ tòun náà.

Inú Sàbírátù dùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná kan ọ̀rọ̀ náà. Kí ló dé tí Múdàṣírù fi ní omi ò gbọdọ̀ kàn án? Kí ló dé tí òun ìyá ò gbọdọ̀ tú u bí òun bá ń wẹ ọmọ? Tó bá bèèrè orúkọ àlùfáà, Múdàṣírù á ní kó máa bá ọbẹ̀ ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan Ràzíátù ṣubú sínú gọ́tà, orúnkún ẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Bàbá ẹ̀ fò dìde, ó sáré dé ibẹ̀ kí ìyá tó dé. Ọwọ́ ẹ̀ lọ tààrà sí ọrùn. Ó tẹ tírà, ó tún un tẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì padà lọ jókòó. Kò wo orúnkún. Ràzíátù na ọwọ́ sí i, ó ń ké, kò padà. Sàbírátù ló gbé e.

Nígbà tí ọkọ ẹ̀ jáde, ó lọ gbọn àpótí irin yẹn wò. Ó fúyẹ́. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tó ró. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó da ọwọ́ bo ẹnu. Àgádágodo méjì lórí òfìfo, ọwọ́ àárọ̀ ọwọ́ alẹ́ lọ́rùn ọmọ. Kí ló tún kù? Oògùn owó ni! Wọ́n ti ń fi kádàrá ọmọ òun ṣe owó! Àbí kí lẹ̀yin náà ì bá rò? Láti ìgbà náà, tó bá ń wẹ Ràzíátù, á máa wò ó bóyá ó ń rù. Lójú tiẹ̀, ó ń rù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á láti tú u. Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lohun tó wà níbẹ̀ ń dá ọmọ dúró ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà di iṣu ata yán-an-yàn-an sí i lọ́kàn. Sànúsí ló wá yanjú ẹ̀ fún un. Òun àti Múdàṣírù jọ ń lọ sí Akwatia ni. Ó wá lọ́sàn-án ọjọ́ Àlàmísì kan tó mọ̀ dájú pé ọ̀rẹ́ òun ò sí nílé. Ó fún Ràzíátù ní tọ́ọ̀fì, ó fà á mọ́ra, ó sì fi ìka méjì tẹ tírà náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni fẹ́ mọ̀ bóyá máńgòrò ti pọ́n.

"Ta ló rán èyí, Ìyá Ràzí?"

"Èmi ò mọ̀."

Sànúsí rẹ́rìn-ín. "Ìyá ọmọ tí ò mọ ohun tó wà lọ́rùn ọmọ ẹ̀! Ó ga o."

Ó lọ. Ẹ̀rín yẹn ò lọ. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí gbogbo ọkùnrin ti lọ kí Jímọ̀, Sàbírátù pọn ọmọ ẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Màlámù Sàlísù lọ, bàbá arúgbó tí ẹsẹ̀ ò gbé dé mọ́ṣáláásí mọ́, tó ń fi awọ rán tírà nínú Zongo.

Sàlísù wo ojú abẹ́rẹ́ lára awọ náà. "Ọwọ́ mi nìyí," ó wí. "Ọkọ ẹ ló gbé e wá bó ṣe ń bọ̀ láti Akwatia. Kó o gbọ́, àwọn ènìyàn máa ń gbé tírà sílẹ̀ fún mi ni, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀ lọ́la. Ọkọ ẹ ò lọ. Ó jókòó tì mí títí mo fi gé òwú tó kẹ́yìn. Ara mi ò lélẹ̀ níjọ́ náà."

"Ẹ bá mi tú u, Màlámù."

"Tírà onítírà? Wallahi, n ò ní tú u."

"Ó dáa, ẹ yá mi lọ́bẹ."

Ó já okùn lọ́rùn ọmọ, ó sì fi ọ̀bẹ la awọ náà. Ìwé ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó tẹ́ ẹ. Kò sí alífà, kò sí bá'à, kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀, ó funfun báláú. Sàbírátù ké "Mo gbé!" Lẹ́yìn ìwé, òwú. Nínú òwú, òkúta kan tó tó ẹyọ ẹ̀pà, tó mọ́, tí kò ní àbàwọ́n rárá. Obìnrin tó ti ṣa òkúta lórí aṣọ funfun rí, ta ni yóò sọ fún un? Ó pa àtẹ́lẹwọ́ dé.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Kì í ṣe oògùn! Dáyámọ́ńdì lásán ni! Ẹnikẹ́ni ò fi ọmọ òun ṣe owó!

Ẹ̀rín ò tíì tán lẹ́nu ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kan fi dé bá a. Múdàṣírù fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ nídìí oúnjẹ nínú Ràmàdánì tó kọjá: ọkùnrin kan tí wọ́n bá nínú igbó lẹ́bàá Akwatia, tí wọ́n ti la ikùn ẹ̀, torí ẹnìkan rò pé ó gbé òkúta mì. Òkúta yẹn ò sì tó ẹyọ àgbàdo. Sàbírátù wo ọmọ ẹ̀ tó ń fi awẹ́ awọ ṣeré nílẹ̀. Ó wo ọrùn ẹ̀. Oṣù mẹ́rin. Oṣù mẹ́rin ló fi ń rìn kiri àgbàlá, kiri ìdí ẹ̀rọ omi, tí gbogbo ayé ń gbé e. Kò lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ní kí Màlámù bá òun rán tírà mìíràn, kí okùn ẹ̀ gùn tó ti ọkùnrin. Òun fúnra ẹ̀ ló fi òwú di òkúta náà. Òun náà jókòó ti bàbá arúgbó náà títí ó fi gé òwú tó kẹ́yìn. Nígbà tó ń lọ sílé, ó di tírà náà mọ́ ọwọ́. Ẹni tó bá kí i, òun á tètè kọjá lára ẹ̀. Efua ní kí ló mú lọ́wọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bú u. Kò jìnnà láti ọ̀dọ̀ Sàlísù dé ilé, síbẹ̀ òógùn ti rin aṣọ ẹ̀ kó tó wọlé.

Múdàṣírù dé lẹ́yìn Àlàásárì. Ó pe Ràzíátù, ó fọwọ́ kan ọrùn, kò bá nǹkan kan. Ojú ẹ̀ yí.

"Sàbírá! Tírà dà?"

"Mo ti tú u."

"O tú u? Níbo? Ta ló rí i?"

"Ràzíátù ló wà lórí ẹsẹ̀ ẹ yẹn," Sàbírátù wí. Kò sí ẹ̀yin nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ náà. "O ò tíì bi í bóyá ara ẹ̀ le."

Múdàṣírù gbé ọmọ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní òun ń retí òyìnbó tó máa rà á ni, pé àwọn olè ń ṣọ́ òun, pé òun fi àpótí tàn wọ́n ni. Ta ni yóò wo ọrùn ọmọdé? Òkúta ọba gan-an, ṣebí inú páálí ni wọ́n fi í sí?

"Páálí ò ní ọ̀fun, Múdà. Páálí ò ní ọ̀fun tí wọ́n lè gé!"

Ó fa tírà tuntun yọ nínú aṣọ, ó sì gbé e kọ́ ọkọ ẹ̀ lọ́rùn. "Wọ́n máa tó pe Mọ̀gáríbì. Wọ̀ ọ́ lọ sí mọ́ṣáláásí, kó o wọ̀ ọ́ bọ̀. Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Kò jìnnà. Tó o bá lọ tó o bọ̀, mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́ láyé."

Múdàṣírù tún kọ́là aṣọ ẹ̀ ṣe, ó dé fìlà. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Níwájú ilé, Sànúsí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ṣe àlùwàlá. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, mò ń dúró dè ọ́." Múdàṣírù fi ọwọ́ bo àyà, ó ní òun ń bọ̀, ó sì padà wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Sàbírá," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Sànúsí wà níta."

"Sànúsí ti tẹ̀ ẹ́ wò lọ́rùn Ràzíátù lánàá."

"Ha! Ṣé kò pààrọ̀ ẹ̀?"

Sàbírátù wò ó. Ó wò ó dáadáa. Múdàṣírù ti bọ́ tírà kúrò lọ́rùn, ó sì ń nà án sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Bá mi tọ́jú ẹ̀, jọ̀ọ́. Láyé ńbí, ìwọ nìkan ni mo lè fọkàn tán."

Ọdún méje ni Sàbírátù ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọkùnrin náà.

"Ọrùn ta ni kí n so ó mọ́?" ó bi í.

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó pọn ọmọ ẹ̀, ó ká aṣọ wọn méjèèjì sínú abọ́ tánganran kan, ó gbé e rù, ó ní ilé ìyá òun lòun ń lọ. Ó ṣílẹ̀kùn, ó kọjá lára Sànúsí, ó jáde sí títì. Múdàṣírù ké pè é láti ẹnu ọ̀nà, ó tún un pè. Ràzíátù yíjú padà lẹ́yìn ìyá ẹ̀, ó ń juwọ́ sí i. Ọkùnrin náà fẹ́ sáré tẹ̀ lé wọn, gbogbo ara ẹ̀ fẹ́ ẹ. Àmọ́ kò lè fi òkúta sílẹ̀ nínú yàrá, kò sì lè mú un jáde. Ó dúró síbẹ̀, ó dì í mọ́ ọwọ́, títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀.